Ilẹ̀kùn Òkú ní Cefn-hir

Bí iná bá jó ilé wa, Luned ìyàwó mi ní ògiri ni n ó kọ́kọ́ gbé jáde kí n tó rántí òun. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, ògiri wúwo, mi ò lè gbé e. Ṣùgbọ́n kò purọ́ mọ́ mi. Èmi Idwal, àgbẹ̀ tó ń sin àgùntàn ní oko orí òkè tí à ń pè ní Cefn-hir, mo fẹ́ràn ilé mi ju bó ti yẹ kí ọmọ èèyàn fẹ́ràn òkúta lọ. Bí àlejò bá yà láti béèrè ọ̀nà, kí ó tó rí ọ̀nà náà gbọ́, yóò ti gbọ́ nípa òrùlé.

Ilé àwọn baba mi ni. Ògiri rẹ̀ nípọn débi pé ológbò wa ń sùn gbalaja lójú fèrèsé, àyè sì tún kù fún ìkòkò òdòdó. Òkúta pẹlẹbẹ dúdú ni wọ́n fi bo orí rẹ̀. Ibi ìdáná ìsàlẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn lè gbé àga wọ inú rẹ̀, kó jókòó ti iná, kó máa wo ojú ọ̀run láti inú ihò èéfín. Àtẹ̀gùn ńkọ́? Inú ògiri ni wọ́n fi í sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìdáná, òkúta lásán, ó ń lọ́ bí ìkarahun ìgbín títí dókè. Ẹni tó bá sanra, ẹ̀gbẹ́ ni yóò fi gùn ún. Ó ti pẹ́ tí èmi náà ti ń fi ẹ̀gbẹ́ gùn ún, àmọ́ ohun tí mò ń sọ fún àwọn èèyàn ni pé ọ̀wọ̀ àwọn tó kọ́ ilé ni mò ń bù fún wọn.

Irú àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀, pósí ò lè gbabẹ̀ láéláé. Àwọn tó kọ́ ilé mọ̀. Òkè là ń sùn, òkè náà la sì ń kú sí. Nítorí náà wọ́n fi àyè sílẹ̀ láàárín igi àjà méjì, wọ́n fi pákó tó ṣeé ṣí dé e. Bí ẹnìkan bá kú, wọ́n á ṣí i, wọ́n á so okùn mọ́ pósí, wọ́n á rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú yàrá ìdáná, àwọn aládùúgbò á dúró nísàlẹ̀, wọ́n á gbà á. Ilẹ̀kùn òkú là ń pè é. Bẹ́ẹ̀dì ńlá àti kọ́bọ́ọ̀dù náà ń gbabẹ̀ gòkè, ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n fi sọ ọ́. Ibẹ̀ ni baba baba mi gbà lọ, ibẹ̀ ni ìyá mi gbà. Nígbà tó kan bàbá mi, èmi ni mo di okùn apá ibi orí mú. Mo rí i bí àpótí yẹn ṣe ń wọ inú ihò lọ díẹ̀díẹ̀, títí tí ojú mi ò fi tó o mọ́. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ihò yẹn ti ń bà mí. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi gan-an ló wà, ó sì dá mi lójú pé èmi ló ń dúró dè.

Kí ni ọlọ́gbọ́n ń ṣe bí ẹ̀rù ikú bá ń bà á? Ó lè lọ rí dókítà. Ó lè dín bọ́tà kù. Ó lè tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run. Èmi, ìṣó ni mo lọ rà. Wọ́n ń tú ṣọ́ọ̀ṣì kan palẹ̀ ní abúlé kejì, mo ra pákó ìjókòó àwọn akọrin, mo fi kan ihò náà pa. Mo sọ̀kalẹ̀, mo gun àkàbà, mo rẹ́ àjà nísàlẹ̀, mo fi ẹfun kùn ún títí tí ẹnikẹ́ni ò fi lè mọ̀ pé ihò kan wà níbẹ̀ rí. Luned dúró ti àkàbà, ó káwọ́ mọ́yà.

"Idwal, kí lò ń ṣe yẹn?"

"Mò ń dí ojú ihò ni. Òtútù ń gbabẹ̀."

"Òtútù ni àbí ikú?"

"Luned, jọ̀ọ́, na ìṣó sí mi."

"O fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ ikú. Ṣé kò mọ fèrèsé ni? Bẹ́ẹ̀dì tuntun tí o ní o máa rà fún mi ńkọ́? Ibo ló máa gbà gòkè?"

Mo tún gbé òòlù sókè. Ìṣó wà lẹ́nu mi.

Àìsàn kejì tó ń bá mi jà ni ẹnu. Ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ ilé àtijọ́ gbọ́ nípa Cefn-hir, wọ́n rán obìnrin kan sí wa láti ìlú ńlá lọ́hùn-ún, Ìyáàfin Whitcombe. Ó dé ní ìparí ìgbà òtútù, kí àwọn àgùntàn wa tó bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ. Ó wọ bàtà tó mọ́ jù fún àgbàlá wa, ó sì ń fọwọ́ kan ògiri bí ìgbà tí èèyàn ń kí ẹbí. Inú mi dùn dé eyín. Luned gbé ọbẹ̀ ẹran àgùntàn kaná nísàlẹ̀, ó ní kí a má pẹ́ lókè, ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́?

Mo mú obìnrin náà gun àtẹ̀gùn. Mo fi igi òrùlé hàn án, àwọn igi ńlá méjì tó tẹ̀ láti ilẹ̀ tó lọ forí korí lókè. Ó ń sọ pé "Áà! Áà!" Ọ̀rọ̀ ọ̀hún wá ń pa mí bí ọtí. Ó béèrè ọjọ́ orí pákó tí a dúró lé.

"Pákó yìí?" ni mo wí. "Pákó yìí ti wà níbí kí ọba èyíkéyìí tí ẹ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí tó gorí oyè."

Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ pa ìjókòó akọrin lára, omi lé sí i lójú. Ó yẹ kí ojú tì mí. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo fa àga kékeré kan, mo gùn ún láti lọ fi àmì tí káfíńtà àtijọ́ gbẹ́ sára igi hàn án. Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Mo na ọwọ́ sókè, mo ní, "Ìyáàfin, láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ohunkóhun ò yẹ̀ nínú ilé yìí rí." Ibi tí mo sọ ọ́ dé nìyẹn tí àga fi yẹ̀ lábẹ́ mi.

Itan mi ló kọ́kọ́ dé ilẹ̀. Mo gbọ́ tó dún kẹ́ú. Mo fẹ́ sọ fún yín pé mo mú un mọ́ra bí ọkùnrin, ṣùgbọ́n ajá wa tó wà ní pápá òkè gbọ́ igbe mi, ó sá wálé.

Luned gba àtẹ̀gùn gòkè pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́. Ó wò mí, ó wo àga, ó wo àlejò.

"Àmì káfíńtà ló fẹ́ fi hàn yín, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Ìyáàfin Whitcombe wí.

"Mo mọ̀," ni Luned wí, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ tẹ àwọn ọlọ́kọ̀ aláìsàn láago.

Ọmọbìnrin àfonífojì wa ni Nest tó wa ọkọ̀ náà dé, òun àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní tiwa níbí, bí ọkọ̀ aláìsàn bá gun òkè oko ẹnìkan, gbogbo àdúgbò ló ń tẹ̀ lé e, wọ́n á sì gbé kéèkì dání, nítorí a kì í lọ wo jàǹbá lọ́wọ́ òfo. Tudur Penrhiw, aládùúgbò wa tó sún mọ́ wa jù, ló ṣáájú wọn. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nísàlẹ̀ tó ń béèrè bóyá mo ti kú tàbí kí wọ́n ṣì gbé tíì kaná.

Nest yẹ ẹsẹ̀ mi wò, ó fún mi ní abẹ́rẹ́ tó dín ìrora kù, ó fi igi di itan mi. Lẹ́yìn náà ni òun àti ẹnìkejì rẹ̀ gbìyànjú láti gbé ibùsùn tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn gba àtẹ̀gùn. Ó há. Wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ gbé e, ó há. Wọ́n gbé e lóròó, ó há, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì há pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n ní láti fa bàtà rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

"Fèrèsé ńkọ́?" ni Nest wí.

"Orí mi nìkan ló lè gba fèrèsé," ni mo fèsì. "Kò tún dá mi lójú."

Ó tún fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi, ojú rẹ̀ yí padà. "Bàbá, ẹ gbọ́ mi o. Ẹsẹ̀ yín ti ń tutù. Ẹ̀jẹ̀ ò lọ síbẹ̀ bó ṣe yẹ. Bí a bá jáfara níbí, wọ́n lè gé e. Bí a bá tún wá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan la máa pàdánù." Ó wo ilẹ̀ yíká. "Irú ilé yìí máa ń ní ilẹ̀kùn òkú. Ilé ìyá ìyá mi ní in. Tiyín dà?"

Luned wò mí. Èmi ń wo àmì káfíńtà.

"Kò sí," ni mo wí.

"Ó wà," ni Luned wí. "Ibi tó dùbúlẹ̀ sí yẹn gan-an ni. Òun ló kàn án pa, ẹ̀rù ń bà á."

"Òtútù ni, Luned!"

"Tudur!" ni ìyàwó mi kígbe sísàlẹ̀. "Gbé ayùn bọ̀!"

Tudur gòkè tòun ti ayùn, wọ́n rọra sún mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣùgbọ́n kí ayùn tó kan igi, Ìyáàfin Whitcombe na ọwọ́ méjèèjì, ó dúró sáàárín. "Ẹ má ṣe é! Ẹ jọ̀ọ́! Pákó yìí ti wà kí ọba èyíkéyìí tó jẹ! Òfin ń dáàbò bò ó! Bàbá, ẹ sọ fún wọn!"

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ẹ ò rí nǹkan? Ẹsẹ̀ mi ń kú lọ, irọ́ tí mo fẹnu ara mi pa ló dúró lójú ọ̀nà, ó tún wọ bàtà tó mọ́. Mo la ẹnu, ohun kan ò jáde. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

"Ìyáàfin," ni Luned wí, "ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ó rà á ní abúlé kejì. Ẹ yí i padà, ẹ máa rí ṣingọ́ọ̀mù àwọn akọrin lábẹ́ rẹ̀."

Tudur rẹ́ pákó àkọ́kọ́, ó yí i. Ṣingọ́ọ̀mù wà níbẹ̀, ó tò bẹẹrẹ. Tudur tẹjú mọ́ ọ̀kan. "Ibi tí mo máa ń jókòó sí rèé o," ni ó wí. Ìyáàfin Whitcombe wo ọwọ́ tó fi pa pákó lára, ó sì rọra nù ún mọ́ kóòtù rẹ̀. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ là kó gbé mi mì, ohun tí wọ́n sì ń múra rẹ̀ fún mi náà nìyẹn. Pákó tó kù lọ, ìrẹ́ àjà mi sì já lulẹ̀ gììrì, ó bọ́ sínú ìkòkò ọbẹ̀.

Ihò náà là. Mo rí yàrá ìdáná nísàlẹ̀, mo rí iná, mo rí àwọn aládùúgbò mi tí wọ́n gbójú sókè. Bí mo ṣe rí bàbá mi tó gbabẹ̀ lọ ló padà wá sí mi lójú. Gbogbo àwàdà kúrò lẹ́nu mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di igi bẹ́ẹ̀dì mú.

"Mi ò gbabẹ̀," ni mo wí.

"Bàbá, kò sí àkókò," ni Nest wí.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà síbí. Luned, ẹni tó bá gba ibẹ̀ lọ kì í padà wá sílé yìí. O mọ̀ bẹ́ẹ̀. Dárúkọ ẹnìkan fún mi tó padà."

"Wọ́n ti kú kí wọ́n tó gbà á, ìwọ aláìlórí yìí!" Ohùn rẹ̀ le, àmọ́ ó kúnlẹ̀ tì mí, ó sì di ọwọ́ mi mú. "Idwal. Ìwọ ni mo fẹ́, mi ò fẹ́ ilé. Bí o bá jókòó síbí, ìgbà yẹn gan-an lo máa wá gbabẹ̀ bí wọ́n ṣe gbà á. Mi ò ní í di okùn orí rẹ mú lónìí. Ṣé o gbọ́?"

Mo gbọ́. Mo ní kí wọ́n ṣáà má fi ẹsẹ̀ mi ṣáájú, nítorí òkú ni wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣáájú. Nest ní gbalaja ni n ó sùn, kò sí ohun tó máa ṣáájú. Tudur fojú wọn ihò, ó fojú wọn èmi náà. "Pósí bàbá rẹ gbabẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n pósí ò jẹ bọ́tà tó ìwọ."

Wọ́n so okùn mọ́ ibùsùn náà. Luned kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀ títí mo fi dé etí ihò, ó ní, "Màá pàdé rẹ nísàlẹ̀," ó sì sáré wọ inú àtẹ̀gùn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ mí kalẹ̀. Mo di ojú. Òórùn ẹfun àti ọbẹ̀ gbà mí nímú. Mo wá gbọ́ nǹkan kan tó mú kí irun orí mi dìde: àwọn ọkùnrin ìsàlẹ̀ ti ṣí fìlà, wọ́n sì ti dá orin ìsìnkú ní ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ẹgbẹ́ akọrin.

"Mi ò tíì kú o!" ni mo fi ariwo ta.

"Má bínú," ni Tudur wí láti òkè, okùn lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó ti mọ́ wa lára. Bí ilẹ̀kùn yìí bá ti ṣí, orin ló ń tẹ̀ lé e."

"Ẹ dákẹ́ nígbà náà!"

"Idwal, a ti wọ ààrin ẹsẹ."

Òótọ́ ló sọ. Ní tiwa níbí, a kì í já orin sílẹ̀ láàárín ẹsẹ, ìbáà jẹ́ pé ilé ń jó. Wọ́n ń kọ ọ́ lọ. Tudur fi béèsì gbè é láti òkè, ó wálẹ̀ jù bó ṣe máa ń wálẹ̀. Kí ni n bá ṣe? Mo fi ohùn tẹ́nọ̀ tì wọ́n lẹ́yìn, lófuurufú, láàárín òkè àti ilẹ̀, èmi òkú tí ń dá sí orin ìsìnkú ara rẹ̀. Lábẹ́ orin yẹn ni mo ti ń gbọ́ bàtà Luned nínú ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó ń yí, tó ń yí, tó ń sọ̀kalẹ̀ bí mo ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé n ó ti dé ilẹ̀ kó tó dé. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ mi kí ibùsùn tó kan òkúta, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kò sì fi mí sílẹ̀ títí a fi dé ọsíbítù.

Wọn kò gé ẹsẹ̀ mi. Wọ́n fi irin sí i, wọ́n ní kí n máa jẹ ewébẹ̀. Mo padà wálé ní ìgbà tí ọmọ àgùntàn ti kún pápá, mo gba ẹnu ọ̀nà wọlé, mo sì yọ̀ fún ara mi pé mo jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó já ihò náà nírọ́. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn ti di èèwọ̀ fún mi. Ẹ̀gbẹ́ iná ni wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi sí, òkè ni Luned ń sùn. Tudur ní kí òun wá fi ìdérí sí ihò, Luned ní kó fi sílẹ̀ ná, kí ooru iná lè máa dé ọ̀dọ̀ òun. Báyìí la ṣe ń gbé, èmi nísàlẹ̀, òun lókè, a ń gba ẹnu ihò bá ara wa jà. Mo máa ń béèrè bóyá àgùntàn olójú dúdú ti bí, ó máa ń ní kí n bọ́ sóde kí n lọ wò ó.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, ilẹ̀ mọ́, mi ò gbúròó rẹ̀. Kì í pẹ́ sùn. Oòrùn gba fèrèsé wọlé, ajá ń fi ọwọ́ họ ilẹ̀kùn, mi ò gbọ́ bàtà nínú ògiri.

"Luned?"

Kò sí ìdáhùn. Mo gbé ojú sókè, mo wo ihò náà. Àwọn igi àjà méjèèjì wà bí wọ́n ṣe máa ń wà, òkùnkùn wà láàárín wọn.

"Luned!"

Ìgbà náà ló yé mi. Gbogbo ọdún tí mo fi ń bẹ̀rù ihò yẹn, tí mò ń kan ìṣó, tí mò ń kun ẹfun, èmi ni mo rò pé ó ń dúró dè. Èmi, èmi, èmi. Mi ò fi ọjọ́ kan ṣoṣo rò ó pé òun ló lè kọ́kọ́ gbabẹ̀, pé n ó dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀ níbí, n ó máa wò ó bó ṣe ń bọ̀. Mo gbìyànjú láti dìde. Ẹsẹ̀ kọ̀. Mo pè é, mo pè é, ohùn mi ya.

Orí rẹ̀ yọ láti inú ihò, irun rẹ̀ dà sílẹ̀ yẹrẹyẹrẹ, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Kí ló dé? Àgùntàn olójú dúdú ò jẹ́ n fojú kan oorun mọ́jú, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn lélẹ̀ ni! Ṣé èèyàn ò lè sùn nínú ilé yìí mọ́ ni, Idwal?"

Mo fa aṣọ bo ojú mi, mo bú sẹ́kún.

"Ẹsẹ̀ ni?" ni ó béèrè, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni mo wí. "Ẹsẹ̀ ni."